Etí Ìwé: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwé Àlẹ̀mọ́ Tí Kò Ní Sọ Ọ̀rọ̀ Nù

Nígbà kejì tí mo lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀kà, màmá tó ń dá mi lóhùn bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí dáhùn. Ó ní, "Orúkọ apẹ̀rẹ̀ tí mo sọ fún ẹ níjọ́sí ńkọ́? Kà á kí n gbọ́, kí n mọ̀ bóyá o kọ ọ́ dáadáa." Mo ṣí ìwé mi. Ó dá mi lójú pé mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò apẹ̀rẹ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé kan. Ojú ìwé wo? Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Màmá padà sídìí ẹ̀pà tó ń pa. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti sọ ọ̀rọ̀ mi nù ni?"

Mo ní, "Rárá o, màmá, ó wà nínú ìwé."

"Níbo nínú ìwé?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ní ẹ̀ka wa mọ irú ìtìjú tí mò ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìbá gbà mí lọ́jọ́ náà. Kò ju bébà kékeré tó yọ síta létí ìwé lọ, tí a kọ lẹ́tà kan sí lára. Tí ẹ bá pè é ní táàbù, ẹni tó ń ta ìwé ní Ìkàrẹ́ á mọ ohun tí ẹ ń wá. Etí ni èmi á máa pè é níbí yìí, nítorí pé gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ kí a ká etí ìwé. Ẹni tó bá ká etí ìwé rẹ̀ ti ṣe táàbù tí kò ná an ní kọ́bọ̀, àmọ́ etí kíká kò lè sọ ohun tó wà nínú ojú ìwé náà fún yín. Ó kàn ń sọ pé ẹ ti débẹ̀ rí ni.

Irú ìwé tí mò ń sọ ni ìwé àlẹ̀mọ́: ìwé tí a kì í kàn kọ nǹkan sí nìkan, tí a máa ń lẹ fọ́tò, ewé gbígbẹ, ègé aṣọ, káàdì ìpè sí ìnáwó, páálí ọṣẹ tàbí ohunkóhun mìíràn mọ́. Lóòótọ́, àwọn kan ń ṣe é fún ẹwà lásán, wọ́n á fi rìbọ́ọ̀nù sí i, wọ́n á gé òdòdó bébà sí i. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yàtọ̀. Tí ẹ bá kọ orúkọ ewé kan sílẹ̀ tí ẹ kò sì lẹ ewé náà mọ́ ọn, ta ni yóò mọ ewé tí ẹ ń sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? (Ẹ tún wo bí Yorùbá ṣe rí: ewé ni ti igi, ewé náà ni ti ìwé, ewé ìwé kan sì ní ojú méjì. Tí mo bá ní ìwé mi jẹ́ ewé 80, ojú ìwé 160 ni mò ń sọ. Mo ti rí ẹni tó ṣi ìṣirò yìí ṣe tó sì lọ ra ìwé ìlọ́po méjì ohun tó nílò.)

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko tó jẹ́ ará Sweden, ní àkọsílẹ̀ tó pọ̀ dé ibi pé ní àwọn ọdún 1760 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sórí awẹ́ bébà kéékèèké tó ṣeé tò, tó sì ṣeé tún tò. Nígbà tí James Murray di olóòtú ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ní 1879, ó kọ́ ilé kékeré kan sí àgbàlá rẹ̀, ihò lóríṣiríṣi ló wà lára ògiri rẹ̀ bí ilé ẹyẹlé, inú àwọn ihò yẹn ni wọ́n sì ń to awẹ́ bébà ọ̀rọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, ní 1897, James Newton Gunn gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí káàdì tó ní etí tó yọ sókè. Nǹkan kan náà ló ń dà wọ́n láàmú: kíkó nǹkan jọ kò le, rírí i padà ni iṣẹ́.

Nílé wa náà, ó ti wà tipẹ́. Kí fóònù alágbèéká tó gbòde lẹ́yìn 2001, ọ̀pọ̀ òbí ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí, tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn láti A dé Z. Bíbélì tí wọ́n gé ihò àtàǹpàkò sí létí wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ. Ẹni tó ń wá Ìwé Hábákúkù láàárín ìwé 66 mọ iyì rẹ̀. Aránṣọ kan tí mo mọ̀ ní Ìkàrẹ́ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, ó sì máa ń lẹ ègé aṣọ kálukú mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé àlẹ̀mọ́ gidi nìyẹn, kò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni. Tí oníbàárà bá wọlé, yóò ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi kan orúkọ rẹ̀. Mo ṣe etí sí i fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun náà sì tún ṣòkòtò mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàyí o, ibi tó kan àwa gan-an. Ẹ lọ ra etí alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ti tẹ lẹ́tà sí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni yóò jẹ́. C, Q, V, X àti Z wà níbẹ̀, a kò sì ní ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ kò sí níbẹ̀. Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú 26, ẹ fi mẹ́rin kún 21 tó kù, 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Àwọn kan máa ń fi báírò to àmì sí abẹ́ E, O àti S, wọ́n á wá sọ Q di GB. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò wà ní ipò rẹ̀: lẹ́yìn G ló yẹ kí GB wà, kì í ṣe lẹ́yìn P. Ẹni tó bá ti kọ́ a-b-d nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò máa wá a síbi tó yẹ, kò ní rí i. Nítorí náà, ẹ ṣe tiyín fúnra yín. Owó rẹ̀ kéré, yóò sì bá èdè yín mu.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni pípín ewé ní dọ́gba-dọ́gba. Ìwé ewé 80 pín sí 25, mẹ́ta-mẹ́ta, á ku márùn-ún. Ó dára lójú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dojú rú, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kò pín dọ́gba. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì: ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, bíi kọ́, a ó rí ẹ̀kọ́, ìkọ́ni, akọ́ni, olùkọ́. Kọ́ nìkan ló dúró sí K. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Ẹ, I, A àti O. Mo pín ewé 80 tèmi báyìí: A gba 9, E gba 5, Ẹ gba 5, I gba 13, O gba 7, Ọ gba 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44. Kọ́ńsónáǹtì 18 àti U wá pín 36 tó kù. H, N, W àti Y kò gbà ju ewé kan-kan lọ. U náà gba ewé kan péré, mo tilẹ̀ ṣe é tìkanra-tìkanra, nítorí pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ọ̀kà ni mo gbé ìwé náà lọ, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Ibi tí àwa ti ń sọ pé ilé, ulé ni mo gbọ́. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì àti ti apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá gba u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, mo tilẹ̀ gba máàkì lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mò ń gé páálí, mo gbàgbé pé ohun tí mo kọ nínú ìdánwò kan èmi náà. Ewé kan ṣoṣo tí mo fún U kún kí oòrùn tó dé àtàrí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyókù sí ẹ̀yìn W, sí ẹ̀yìn ìwé, sí inú ìdí I. Orúkọ apẹ̀rẹ̀ màmá wà lára àwọn tó sá bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ẹ̀yìn T.

Mo tún fi etí kan kún un: GH, láàárín GB àti H. Àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn ní ìró kan tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, tí a sábà máa ń fi gh kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ará Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ rí mọ̀ pé Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Báyìí, ìwé mi ní etí 26, iye kan náà pẹ̀lú ti òyìnbó tí mo kọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á tán.

Tí ẹ bá sì ń lọ sí Àrìgìdì, Erúṣú, Àkùnnù tàbí Auga, kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ẹ óò bá níbẹ̀, èdè ọ̀tọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ má ṣe gbé álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá lọ ká wọn mọ́lé. Ẹ kọ́kọ́ fi Ibadan 400 Wordlist gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí bébà lásán, ẹ to ìró wọn, kí ẹ tó gé etí kankan. Ìwọ̀nba ọjọ́ mélòó kan ni yóò gbà, yóò sì yọ yín nínú irú ohun tí ojú mi rí.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Páálí tó fẹ́lẹ́ ló dára jù, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ìfọyín tàbí tíì. Páálí bísíkíìtì ńlá ti nípọn jù, kì í jẹ́ kí ìwé pa dé. Ẹ fi rúlà wọn ọ̀já tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po ní àárín. Kí sẹ̀ǹtímítà kan yọ síta, kí ọ̀kan àtààbọ̀ tó kù wọ inú, ọ̀kan ní ojú ewé, ìkejì ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí etí náà di ewé mú bí ẹni fi ìka méjì mú nǹkan. Ewé àkọ́kọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò fi sí.

Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó gé. Bébà A4 ga ní sẹ̀ǹtímítà 29.7. Tí ẹ bá fẹ́ to etí 25 sí ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ilẹ̀, kálukú kò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Tí ìwé bá jẹ́ ìdajì A4, kò tilẹ̀ ní tó kan. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ kò lè hàn níbẹ̀: Ọ á dà bí O, wàhálà tí a sì ń sá fún nìyẹn. Ìyípo méjì ni kí ẹ ṣe. Méjìlá àkọ́kọ́, A dé K, á sọ̀kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ padà sókè fún L, kí ẹ sì tún máa bọ̀ nílẹ̀ títí dé Y. Nínú A4, etí kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ó lé. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ìyípo méjèèjì yàtọ̀ kí ojú yín má baà dàrú. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí gbogbo wọn yóò wà kí ẹ tó lẹ ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní ṣe èyí. Èmi náà kò ṣe é, etí M mi sì gun orí N títí dòní.

Etí ẹ̀gbẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún lẹ́tà, àmọ́ ìwé àlẹ̀mọ́ ní òkè pẹ̀lú. Òkè ni mo fi sí ọ̀rọ̀ ìran-ìran: ara ènìyàn, ilé ìdáná, oko, ìbátan, ìnáwó. Ìwé méjì ni kí ẹ ní tí agbára bá gbé e: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ní títò lẹ́tà, ìkejì fún fọ́tò àti ewé ní títò ìran. Ẹ kò lè lẹ ọkọ́, àdá àti agbọ̀n sí ojú ewé tó jìnnà síra wọn nítorí lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé lóko kan náà ni ẹ ti rí wọn, tí ènìyàn kan náà sì sọ orúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ kọ ojú ìwé tí fọ́tò wà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé kìíní. Èmi máa ń fi àmì pupa sí etí ohun tó wá láti Ìkàrẹ́, àmì ewé sí ti Ọ̀kà. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá sì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í fìgbà gbogbo bára mu, ẹ kò sì ní fẹ́ kí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ yín bi yín pé ìlú wo ni èyí ti wá.

Nǹkan tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ ń kó bá iṣẹ́. Sẹ́lótéèpù yá, àmọ́ tó bá pẹ́ á pọ́n, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọyẹ́ á sì ṣí i. Gọ́ọ̀mù funfun dára jù ú lọ, tí ẹ bá lè fún un ní òru kan kó gbẹ lábẹ́ ìwé tó wúwo. Ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì tí àwọn bàbá wa fi ń lẹ bébà kò lówó lórí, ṣùgbọ́n aáyán fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ràn búrẹ́dì. Báírò lásán lè ṣàn lójú òjò. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, tàbí kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú lẹ́tà nìkan. Kí ewé tútù má sì wọnú ìwé láé. Ẹ kọ́kọ́ fi sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé òkúta lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà títí ewé á fi gbẹ dáadáa. Ewé efinrin tí mo kánjú lẹ̀ lọ́jọ́sí hu funfun, ó sì ba ewé mẹ́ta jẹ́.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa bi mí pé kí ló dé tí n kò ṣe é sórí fóònù, kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ kí ó máa wá a fún mi. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní FLEx ti SIL lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ oko sórí fóònù láìsí àmì kankan, kí ẹ wo ohun tí yóò gbé wá: oko tí a ń ro, ọkọ tí obìnrin fẹ́, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, òkò tí a ń sọ. Nínú ìwé mi, oko àti òkò wà ní O, àwọn mẹ́ta yòókù wà ní Ọ, mo sì to ohùn wọn ní ìsàlẹ̀, àárín, òkè, láìyí i padà: ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́. Ẹ lè to tiyín láti òkè wá sísàlẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀, bí ẹ kò bá ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àgbàlagbà tó ń dá yín lóhùn kì í rí ohun tí ẹ ń ṣe nínú fóònù. Ó lè máa rò pé ẹ ń bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ó ń rí ìwé.

Nígbà kẹta tí mo lọ, mo ti tún gbogbo rẹ̀ gé. U ní ewé mẹ́sàn-án. Màmá fi ìka gba orí àwọn etí náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ka owó. Ó ní, "Èwo ni tèmi nínú gbogbo èyí?" Mo ní gbogbo àwọn tó ní àmì ewé ni. Ó ní kí n ṣí ibi tí apẹ̀rẹ̀ wà. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ka orúkọ rẹ̀. Ó ní mo pè é dáadáa. Ó wá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wo fọ́tò náà títí. "Ọmọ mi, èyí tó ti ya lo yà. Èyí tuntun wà nínú ilé. Dúró kí n lọ gbé e wá."